Bí Ìjàpá Òkun Ṣe Di Ẹni Tí Òfin Ń Dáàbò Bò

Láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án títí wọ oṣù Kejì ọdún tuntun, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán, àwọn àlejò kan a máa gòkè láti inú òkun wá sórí iyanrìn tó nà láti Àgbádárìgì kọjá Sèmè wọ ilẹ̀ Benin. Abo ìjàpá òkun ni wọ́n. Ẹyin ni wọ́n wá yé.

Abo náà á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó pẹlẹbẹ gbẹ́ kòtò, á yé ẹyin bí 100 sínú rẹ̀, á wọ́ iyanrìn bò ó, á sì padà sómi. Iyanrìn ló ń bá a sàba fún nǹkan bí 50 sí 60 ọjọ́. Ooru iyanrìn yìí náà ló ń pinnu akọ àti abo: bó bá gbóná ju nǹkan bí 29 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, abo ló máa ń pọ̀ jù, bó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, akọ ni. Òru ni àwọn ọmọ ń jáde, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni wọ́n sì ń dorí kọ. Láyé àtijọ́, ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ ju orí ilẹ̀ lọ lóru. Lóde òní, iná ilé ìtura etíkun lè ṣì wọ́n lọ́nà lọ sójú títì, kí wọ́n sì kú síbẹ̀.

Olive ridley, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, wà lára àwọn tó ń wá. Leatherback náà wà lára wọn, òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo ìjàpá láyé: ó lè gùn tó mítà 2, kó wọ̀n ju kílò 500 lọ. Awọ ló bo ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní igbá líle bíi ti àwọn yòókù. Ẹ̀dá òkun kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù ni oúnjẹ rẹ̀, ìdí nìyí tó fi máa ń gbé ọ̀rá tí a jù sómi mì, torí ó jọ ọ́.

Ó pẹ́ tí àwọn ará etíkun ti ń jẹ ẹran àti ẹyin ìjàpá òkun. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n kiri nítorí edé dé, ọjà Èkó náà sì gbòòrò. Ẹ̀dọ̀fóró ni ìjàpá òkun fi ń mí. Bí àwọ̀n bá há a mọ́ ìsàlẹ̀ omi, ó kú nìyẹn.

Irú ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀ rí lórí pápá ọ̀dàn Amẹ́ríkà. Ẹfọ̀n ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bison, ju mílíọ̀nù 30 lọ nígbà kan. Ìbọn, òwò awọ àti ọkọ̀ ojú irin pa á débi pé ní 1889, onímọ̀ nípa ẹranko kan, William Hornaday, ka díẹ̀ lé ní 1,000 péré. Ní 1907, wọ́n kó 15 láti ọgbà ẹranko Bronx ní New York lọ sí Oklahoma, kí wọ́n lè tún máa bí sí i níbẹ̀. Ẹran náà kò parun.

Ti ìjàpá òkun, ìwé ló kọ́kọ́ gbèjà rẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn CITES lórí òwò ẹranko ní 1974, ó sì ṣòfin tirẹ̀ ní 1985. Ní 1989, Amẹ́ríkà ṣòfin pé òun kò ní ra edé lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tí àwọ̀n rẹ̀ ń pa ìjàpá òkun. Bí àwọn ọkọ̀ edé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọ̀pá irin sínú àwọ̀n nìyẹn, pẹ̀lú ihò tí ìjàpá lè gbà jáde. Ní 1999, àwọn orílẹ̀-èdè etíkun Áfíríkà ṣe àdéhùn tiwọn ní Abidjan.

Síbẹ̀, ìwé kì í ṣọ́ iyanrìn lóru. Ènìyàn ló ń ṣọ́ ọ. Ní Benin, ẹgbẹ́ Nature Tropicale ń bá àwọn ará abúlé etíkun ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa ṣọ́ ẹyin títí yóò fi pa. Ní Folu lọ́nà Lekki, ẹgbẹ́ Greenfingers ń bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ kí wọ́n dá ìjàpá tí wọ́n mú sílẹ̀, ó sì ń fún wọn ní ohun èlò tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe. Ọgbọ́n tó tọ́ ni. Ìjàpá ńlá lè ya àwọ̀n ẹni jálajàla, kò sì sí apẹja tó yẹ kó dá gbèsè bẹ́ẹ̀ san nítorí pé ó pa òfin mọ́.

Ohun tó yẹ Àgbádárìgì nìyí, kí iṣẹ́ èbúté omi jíjìn tí wọ́n ń pète síbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gba àwọn ọ̀dọ́ Ògù àti Ìlàjẹ síṣẹ́ olùṣọ́ etíkun, kó sì ya owó àtúnṣe àwọ̀n sọ́tọ̀. Kí àwọn onílé ìtura pa iná tó kọjú sí òkun ní àsìkò ìyẹ́yin. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣe fàájì létíkun, ẹ kó ọ̀rá yín délé; bí ẹ bá sì rí ìjàpá lórí iyanrìn, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ yà fún un.