Vim àti Neovim Lọ́wọ́ Olùkọ́ Yorùbá

Ètò ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà méjì ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìbéèrè ìdánwò dípò kí ó gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé ní Àgbowó. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Bram Moolenaar, tí ó di olóògbé ní 2023, ni ó gbé Vim jáde ní 1991. Ní 2014 ni Thiago de Arruda ya Neovim kúrò lára rẹ̀, nígbà tí Vim kò gba àtúnṣe tí ó mú wá.

Ìyàtọ̀ wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ti lẹ́tà ni ó kan àwa. UTF-8 nìkan ni Neovim ń lò nínú ara rẹ̀. Ní ti Vim, lórí Linux tí a kò yan èdè fún, latin1 ni yóò lò, latin1 kò sì ní ẹ, ọ, ṣ. Ẹni tí ó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìyàtọ̀ hàn láàrin owó àti ọwọ́ yóò rí á» níbi tí ọ yẹ kí ó wà. Ìbéèrè bàjẹ́ nìyẹn! Kí a kọ set encoding=utf-8 sínú fáìlì vimrc, ó tán.

Nínú méjèèjì, bí a bá fi x pa ẹ́ rẹ́, lẹ́tà àti àmì ohùn ni yóò jọ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa àmì ohùn nìkan rẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ pàṣẹ set delcombine.