Rákẹ́ẹ̀tì Fúyẹ́fúyẹ́ nínú Badminton: Ohun Tó Ń Fún Olùdáàbòbò àti Ohun Tó Ń Gbà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Rákẹ́ẹ̀tì badminton tí ọ̀pọ̀ eléré tó mọṣẹ́ ń lò kì í wúwo ju gíráàmù 80 sí 89 lọ kí wọ́n tó fi okùn sí i. Ilé-iṣẹ́ Yonex ní Japan pín ìwúwo yìí sí ìsọ̀rí: 3U wà láàárín gíráàmù 85 sí 89, 4U wà láàárín 80 sí 84, 5U wà láàárín 75 sí 79, F sì wà láàárín 70 sí 74. Láti F lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ka rákẹ́ẹ̀tì sí fúyẹ́fúyẹ́. Windstorm 72 tí Li-Ning ń ṣe ní Ṣáínà gba nọ́ńbà orúkọ rẹ̀ láti inú ìwúwo rẹ̀. Astrox 22 ti Yonex tún fúyẹ́ jù ú lọ, nítorí nǹkan bíi gíráàmù 68 ni. Òfin BWF, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé, kò dí irú rákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Gígùn rákẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ kọjá mìlímítà 680, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 230, ṣùgbọ́n òfin kò mẹ́nu ba ìwúwo. Igi ni wọ́n fi ń ṣe rákẹ́ẹ̀tì nígbà kan, lẹ́yìn náà ni irin àti alumíníọ́ọ̀mù wọlé. Kábọ́ọ̀nù tó dé gbẹ̀yìn ló jẹ́ kí ohun tó fúyẹ́ tó báyìí lè lágbára tó láti gba okùn tí wọ́n fà le.

Ìdí tí ẹni tó gbójú lé ìdáàbòbò fi ń wá irú rákẹ́ẹ̀tì yìí kò fara sin. Símáàṣì, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ láti òkè wálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, máa ń bọ̀ bí òkò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ní ìlú Soka ní Japan, wọ́n wọn símáàṣì Satwiksairaj Rankireddy, ọmọ orílẹ̀-èdè Íńdíà, eré rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 565 ní wákàtí kan. Eré tí bọ́ọ̀lù ń sá bó ṣe ń kúrò lójú okùn gan-an nìyẹn. Ìyẹ́ 16 tó wà lára bọ́ọ̀lù náà ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ sì ń dín eré rẹ̀ kù kíákíá. Bọ́ọ̀lù tó kúrò lójú okùn ní kìlómítà 300 ní wákàtí kan ti pàdánù ju ìdajì eré náà lọ nígbà tó bá fi rin mítà 8 dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dúró dè é. Síbẹ̀, gbogbo ìrìn yẹn kò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú àti ọpọlọ ènìyàn sì ti ń jẹ nǹkan bí ìdámárùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kí ọwọ́ tó gbéra rárá. Ìdí nìyí tí olùdáàbòbò tó dáńtọ́ fi máa ń ka ara alátakò rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lójú okùn. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó mọ̀ ọ́n kà tó, rákẹ́ẹ̀tì ṣì ní láti kúrò níwájú ikùn lọ sí ìbàdí tàbí èjìká, níbi tí bọ́ọ̀lù bá gbà wá. Rákẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́ ń tètè débẹ̀, ó sì ń tètè padà sípò de bọ́ọ̀lù kejì. Nínú eré oníméjì-méjì, níbi tí símáàṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti lè tẹ̀ léra wọn, àǹfààní ńlá ni èyí.

Àmọ́, gíráàmù tó wà lórí òṣùwọ̀n kọ́ ló ń pinnu bí rákẹ́ẹ̀tì ṣe ń yá lọ́wọ́ tó. Ibi tí ìwúwo náà wà ló ṣe pàtàkì jù. Gíráàmù kan tó jìnnà sí ọwọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 60 ń ṣòro láti yí ní ìlọ́po 36 ju gíráàmù kan tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, nítorí bí ìjìnnà bá di ìlọ́po 6, ìṣòro náà yóò di 6 lọ́nà 6. Àwọn tó ń ṣe rákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́fúyẹ́ mọ èyí dáadáa, wọn kò sì fẹ́ kí símáàṣì oníbàárà wọn di yẹpẹrẹ, nítorí náà wọ́n sábà máa ń kó ìwúwo tó kù sí orí rákẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe ṣe Windstorm 72 àti Astrox 22 nìyẹn. Rákẹ́ẹ̀tì 4U tí orí rẹ̀ fúyẹ́ lè yá lọ́wọ́ tó irú wọn, kó má sì fi ohun púpọ̀ du ẹni tó ń lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ rà ní láti wo ojú ìwọ̀n-dọ́gba, ìyẹn ibi tí rákẹ́ẹ̀tì ti ń dúró lórí ìka kan láìtẹ̀ síbì kan. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìdí ọwọ́ rẹ̀, èyí tí kò tó mìlímítà 285 ni wọ́n ń pè ní olórí fúyẹ́, èyí tó bá sì kọjá 295, orí rẹ̀ wúwo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni gbígbé bọ́ọ̀lù ga padà sí ẹ̀yìn pápá alátakò. Àwọn tó ń yin rákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́fúyẹ́ sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kan okùn, wọn kì í sọ ibi tó ń balẹ̀ sí. Gígùn pápá jẹ́ mítà 13.40. Ẹni tó dúró láàárín ìdajì tirẹ̀ ní láti rán bọ́ọ̀lù lọ sí nǹkan bíi mítà 10 kó tó lè ti alátakò rẹ̀ sẹ́yìn. Kò sì sí àyè láti na apá sẹ́yìn nígbà tí símáàṣì bá ń bọ̀. Ìka àti ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìfì náà kúrú, rákẹ́ẹ̀tì kò sì ráyè kó eré jọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ìwúwo máa ń ran ọwọ́ lọ́wọ́, tí rákẹ́ẹ̀tì gíráàmù 70 sì máa ń fi ọwọ́ sílẹ̀ kó dá ṣe é. Ẹni tí ìka rẹ̀ lágbára kò ní mọ ìyàtọ̀ púpọ̀. Bọ́ọ̀lù ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀ ló máa ń já sí àárín pápá, alátakò á sì gbá símáàṣì tó kàn láti mítà 5 dípò 8. Láti mítà 5, bọ́ọ̀lù tó kúrò lójú okùn ní kìlómítà 300 kò ní gbà tó ìdámẹ́jọ ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó dé. Àkókò tí olùdáàbòbò ní ti dín ju ìdajì lọ, kò sì sí rákẹ́ẹ̀tì tó lè fúyẹ́ débi tí yóò dá irú àkókò bẹ́ẹ̀ padà fún un.

Bí a bá fẹ́ rọra dá bọ́ọ̀lù padà sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n, rákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́fúyẹ́ dára níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá bà lágbedeméjì okùn. Bó bá bà létí, orí rákẹ́ẹ̀tì á yí lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù á sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Rákẹ́ẹ̀tì tó wúwo díẹ̀ máa ń dúró ṣinṣin ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ara, àǹfààní wà níbẹ̀ fún èjìká. Eré ìdáàbòbò máa ń pẹ́. Ní Wuhan, lọ́dún 2016, nínú ìdíje ilẹ̀ Éṣíà, Kurumi Yonao àti Naoko Fukuman ti Japan lo ìṣẹ́jú 161 kí wọ́n tó borí Greysia Polii àti Nitya Krishinda Maheswari ti Indonéṣíà nínú eré kan ṣoṣo. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, gíráàmù mẹ́wàá tí apá kò gbé kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀dọ́mọdé, àgbàlagbà, àti ẹni tí èjìká ń dùn lè rí ìtura nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí rákẹ́ẹ̀tì bá ṣe fúyẹ́ tó ni ìgbọ̀nrìrì bọ́ọ̀lù ṣe máa ń dé ọwọ́ tó, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tí ìgúnpá ń yọ lẹ́nu rò pé fífúyẹ́ nìkan ni ìwòsàn.

Okùn lè dín àbùkù rákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́fúyẹ́ kù. Okùn tí wọ́n fà le jù kì í ti bọ́ọ̀lù jìnnà, ó máa ń fẹ́ kí ọwọ́ fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, páùn 22 sí 24 ti tó, bọ́ọ̀lù yóò sì rí ìrànwọ́ láti dé ẹ̀yìn pápá. Ẹni tó ti ra fúyẹ́fúyẹ́ tó sì ń rí i pé bọ́ọ̀lù òun ń já lè lẹ téèpù òjé gíráàmù kan tàbí méjì mọ́ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí bọ́ọ̀lù yóò fi máa dé ibi tó fẹ́. Ẹni tí kò tíì rà, tó sì jẹ́ pé ìdáàbòbò ni agbára rẹ̀, á jàǹfààní jù nínú 4U tàbí 5U tí orí rẹ̀ fúyẹ́. Rákẹ́ẹ̀tì F àti àwọn tó tún fúyẹ́ jù ú lọ yẹ ẹni tó ń dúró nítòsí àwọ̀n nínú eré oníméjì-méjì, níbi tí ìyára ti ṣe pàtàkì ju jíjìnnà bọ́ọ̀lù lọ.