Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, Olùtọ́jú Egungun Tó Ti Di Òkúta

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ láti gba ohun àtijọ́ pamọ́, láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, àti láti kọ ibi tí wọ́n ti rí i sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ iwájú lè rí i. Iṣẹ́ yìí ṣe kókó fún fọ́sìlì, ìyẹn egungun tàbí eyín ẹ̀dá ayé àtijọ́ tó ti di òkúta nínú ilẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nba egungun bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó kù fún ọ̀pọ̀ ẹranko tó ti kú run.

Fruitafossor jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Ẹranko afọ́mọlọ́mú tí kò tó ọ̀kẹ́rẹ́ ni, ó sì gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí dáínósọ̀ ṣì wà. Nítòsí ìlú Fruita, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti rí egungun rẹ̀. Ní ọdún 2005 ni Zhe-Xi Luo àti John Wible, onímọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Carnegie ní Pittsburgh, sì ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ayé. Egungun apá rẹ̀ ki, ó sì lágbára, èyí tó fi hàn pé ẹranko awalẹ̀ ni. Eyín rẹ̀ rí bí ọ̀pá kéékèèké, ó ń hù láìdáwọ́ dúró, gẹ́gẹ́ bí ti armadillo, ẹranko Amẹ́ríkà tó ní èèpo líle lẹ́yìn, tó sì ń jẹ ikán àti èèrà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé kòkòrò ni Fruitafossor náà ń jẹ. Síbẹ̀, kì í ṣe baba ńlá armadillo: irú iṣẹ́ kan náà ló mú kí ara wọn jọra, bí ìran wọn tilẹ̀ jìnnà síra.

Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga ní Táíwò Road ní Ìlọrin kò lè retí irú egungun bẹ́ẹ̀ nínú àpáta ìsàlẹ̀, nítorí pé gíránáìtì àti àwọn òkúta líle mìíràn tí ooru inú ilẹ̀ ti yí padà ló gbé ìlú náà dúró, wọ́n sì ti wà kí ẹranko elégungun tó dé ayé. Òkúta tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ kó jọ di ló sábà máa ń ní fọ́sìlì, irú rẹ̀ sì wà ní agbègbè Pátígi, ní àríwá ìpínlẹ̀ Kwara.

Kwara ní ìtàn tó gbayì nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́, nítorí pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni èyí tí wọ́n ṣí ní Èsìẹ́ ní ọdún 1945 nítorí àwọn ère òkúta ibẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀ ló ń ṣàkóso irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, Yunifásítì Ìlọrin náà sì ń kọ́ni nípa òkúta àti ilẹ̀. Ó yẹ kí ìtọ́jú tí ère ń rí kan egungun ẹranko àtijọ́ pẹ̀lú, kí ará ìlú sì mọ̀ pé ẹni tó bá rí irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ hú u tà, bí kò ṣe kó fi sílẹ̀ níbi tó wà, kó sì pe àwọn onímọ̀, torí pé ìpele òkúta tó yí i ká ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀.