Ìdínà-ara-ẹni nínú Kóòdù Fáìlì

Ọkọ̀ tó ń ti Ìbà bọ̀ gba apá kan oríta Ìyànà-Ìbà ní Ọ̀jọ́, èyí tó ń bọ̀ láti Okokomaiko gba apá kejì. Oníkálukú ń dúró de àyè tí ẹnì kejì dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe títì fáìlì ṣe rí. Ẹni tó ń kó fáìlì láti inú fódà kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ ti méjèèjì. Bí ẹlòmíràn bá ń kó tirẹ̀ bọ̀ lódìkejì, tí oníkálukú sì kọ́kọ́ ti fódà tó ń kó ti inú rẹ̀, wọ́n há nìyẹn. (Ìhámọ́ra ìbá jẹ́ orúkọ rẹ̀, àmọ́ ohun ìjà ti gba ọ̀rọ̀ náà.)

Àfikún àgádágodo nìkan kọ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Nínú Linux, ẹyọ ìkólọ kan ṣoṣo irú bẹ́ẹ̀ ló ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lórí ètò fáìlì kan, fódà òbí ni wọ́n sì ń tì ṣáájú ọmọ. Nítorí pé ìdínà náà lè fara pamọ́ fún ọdún púpọ̀, Ingo Molnár ṣe lockdep ní 2006: ó ń ṣọ́ bí títì ṣe ń tẹ̀léra, ó sì ń kígbe kí ohunkóhun tó há.