Ẹ Jẹ́ Ká Jọ Rìn: Ìlàlóye fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Eré Ìdárayá

Ẹni tó ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó sì jẹ́ ọ̀kadà ló ń gbé e délé, kò ní kó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ máa sáré. Ìrìn ti tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bù díẹ̀díẹ̀ kún un. Bí iṣan ẹsẹ̀ bá ro yín díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí wàhálà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yà sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wo ìwọ̀n ìfúnpá yín. Bí òǹkà òkè bá tó 180, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 110, ọ̀dọ̀ dókítà lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ má sì torí pé ẹ ń rìn pa oògùn tì.

Kí ló dé tí a fi ní kí ẹ jọ rìn? Ẹni tó ń dá rìn, bí ojú ọ̀run bá ṣú lásán, yóò tún fi aṣọ borí. Àmọ́ ta ló fẹ́ kí aládùúgbò máa kan ilẹ̀kùn òun láago mẹ́fà ìdájí? Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni òṣùwọ̀n ìrìn. Bí ẹ bá lè tàkúrọ̀sọ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìrìn yín dára. Bí orin bá ń já geere, ẹ yára sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gé lẹ́nu yín, ẹ dẹwọ́. Aláròyé tí ẹ máa ń sá fún nípàdé, àárín ni kí ẹ fi í sí.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ jù ni kó ṣáájú. Bó bá wà lẹ́yìn, á máa sáré lé yín, ìtìjú á mú un, ẹ kò sì ní rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti rìn, Ìbàdàn wa yìí kún fún òkè. Ẹ jẹ́ kí Màpó àti Òkè Àrẹ̀ dúró ná. Ìsọ̀kalẹ̀ máa ń ni orúnkún lára. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ló dára jù. Bó bá jẹ́ títì ni, ẹ gba ọwọ́ òsì, kí ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì tò tẹ̀ lé ara yín. Kámbásì ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ gbọn bàtà yín, kí ẹ tún fọwọ́ wá inú rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Àìsàn yìí lè mú kí ẹsẹ̀ kú tìpìrì, tí òkúta wẹ́wẹ́ yóò fi dá egbò sí i láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ wò ó, kó gbé dígí sílẹ̀, tàbí kó pe ọmọ ilé. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, kó fi ṣúgà onígun sápò. Bí ara bá ń gbọ̀n tí òógùn tútù sì ń bò ó, kó jókòó, kó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni tàbí tó ń fún un pinpin, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí èémí rẹ̀ kò rọlẹ̀ lẹ́yìn tó ti sinmi, ìrìn ti parí nìyẹn. Ẹ má sọ pé ọgbẹ́ inú ni. Kí ẹnì kan dúró tì í, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù.