Ìdí tí Odù Ifá fi jẹ́ 256: Ohun tí ẹ̀rọ ìṣirò lè fi hàn wá



Ní Akọ́kà níbí, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, akẹ́kọ̀ọ́ kò wọ́n ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kò wọ́n lẹ́nu wọn. Ọ̀kan nínú wọn wọlé tọ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí ló dé tí Odù fi jẹ́ 256? Kí ló dé tí kò jẹ́ 300?" Ọmọ-awo kan tó jókòó tì wá dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dákẹ́. Ẹ̀rín yẹn dùn wá wọra. Ohun tó ní ìdí la fi "bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a" dáhùn. Bí a bá ń ṣe báyìí lọ, àwọn ọ̀dọ́ á gbà pé kò sí ìmọ̀ nídìí ohun tí à ń ṣe. A ní kí ó yọ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ síta. Ohun tí a jọ ṣe lọ́jọ́ náà la fẹ́ ṣàlàyé; kí òǹkàwé mú kakulétọ̀ tirẹ̀ náà lọ́wọ́.

Awẹ́ mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀nà méjì péré ni awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà balẹ̀: bí ó bá ṣíjú sókè, àmì kan là ń tẹ̀; bí ó bá dojú délẹ̀, àmì méjì ni. Ẹ tẹ 1, kí ẹ wá máa fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan fún awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí 2, 4, 8, 16. Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Awẹ́ mẹ́rin la ti kà, ìyẹn apá kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. 16 yìí ni Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí títí dé Òfún. Ẹ bọ́ sí apá kejì: 32, 64, 128, 256. Ó parí. Awẹ́ mẹ́jọ kò lè bí 300, kò sì lè bí 255.

Nínú 256 yìí, 16 ni ọ̀tún àti òsì wọn bára mu. Àwọn ni ojú Odù, àwọn Méjì. Ẹ yọ wọ́n kúrò, ó ku 240, àwọn ọmọ Odù. Ẹ tún un wò lọ́nà mìíràn: Odù 16 lè wà lọ́tùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bá 15 yòókù pàdé lósì, 16 lọ́nà 15, 240 náà ni. Ẹ má ṣe pín in sí méjì o, torí Ogbè Ọ̀yẹ̀kú kì í ṣe Ọ̀yẹ̀kú Ogbè. Àbí ẹ ò rí i pé bí a bá pe 256 ní òjìlélúgba ó lé mẹ́rìndínlógún, a ti ka ọmọ, a sì ti ka àgbà?

Àlọ́ kan wá nìyí. Ogbè Méjì ní àmì 8, òun ló kéré jù. Ọ̀yẹ̀kú Méjì ní 16, òun ló pọ̀ jù. Odù mélòó ló ní àmì 9? Mẹ́jọ ni, torí èyíkéyìí nínú awẹ́ mẹ́jọ ló lè dá dojú délẹ̀. Èyí tó ní àmì 10 ńkọ́? Awẹ́ méjì ló dojú délẹ̀ níbẹ̀: àkọ́kọ́ ní àyè 8, èkejì ní àyè 7, ṣùgbọ́n a ti ka méjì-méjì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ẹ tẹ 8, ẹ fi 7 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 2 pín in: 28. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 3 pín in: 56. Ẹ fi 5, ẹ fi 4 pín in: 70. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí 56, 28, 8, 1. Bó ṣe gòkè náà ló ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀:

1 + 8 + 28 + 56 + 70 + 56 + 28 + 8 + 1 = 256.

Kò sí Odù kan tó sọnù.

Ìkìlọ̀ kan wà. Kọ̀ǹpútà náà ń fi ohun méjì ṣiṣẹ́, 0 àti 1; báìtì kan ní àyè mẹ́jọ, 256 náà ló sì ń bí. Nítorí èyí, àwọn kan nínú wa ń sọ pé ara Ifá ni òyìnbó ti jí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Nígbà tí Leibniz, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, kọ̀wé lórí ìṣirò 0 àti 1 lọ́dún 1703, àmì àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà ló tọ́ka sí. Ìlà mẹ́fà làwọn yẹn ń lò. Ẹ fi 2 sọ 1 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, 64 ni. Ìṣirò yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì fi irọ́ gbé Ifá ga ti fún ẹlẹ́gàn lọ́rọ̀ sọ. Ó tó wa láti sọ pé àwọn baba wa ń fi í ṣiṣẹ́ lórí ọpọ́n láì lo bébà.

Ẹ̀rọ ìṣirò lè ka iye ilẹ̀kùn, kò mọ ohun tó wà nínú yàrá. Kò lè sọ Odù tí yóò yọ lọ́la, kò sì lè ki ẹsẹ kan ṣoṣo. Ẹnu àgbà àti ọ̀pọ̀ ọdún ìkọ́ṣẹ́ la ti ń rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bi wá pé "kí ló dé," kí a má lé e padà. Kí a gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, kí a bá a kà á.