Owó-Orí Lórí Èrè Ìpín, àti Ẹni tí Ń Rà tí Ó sì Ń Tà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín yìí ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn láìnídìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn díẹ̀ tí ó kàn gan-an kò kọbi ara sí i.

Ẹni tí ó ní ìpín nínú kọ́ńpìnì dàbí ẹni tí ó ní igi obì. Obì tí igi náà ń so ni èrè tí kọ́ńpìnì ń pín fún àwọn onípìn-ín. Bí ó bá sì ta igi náà fúnra rẹ̀ ju iye tí ó rà á lọ, èrè mìíràn nìyẹn. Ìjọba ń gba owó-orí lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀. Ti obì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: ní Nàìjíríà, kọ́ńpìnì a máa yọ náírà 10 nínú 100 kí owó tó dé ọwọ́ onípìn-ín. Ti igi kì í bá ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ tí ó bá tà á. Nítorí náà, ẹni tí ó ra ìpín tí ó sì fi í pamọ́ fún 20 ọdún lè má mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tí ń rà lónìí tí ń tà lọ́la ni ó ń pàdé rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọdún 1967 ni òfin yìí dé Nàìjíríà, ìdá 20 nínú 100 èrè ni a sì ń gbà. Ní 1996 a dín in kù sí 10. Ní 1998 a yọ ìpín kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí di òpin 2021. Láti January 2022, ẹni tí ó bá ta ìpín tí ó tó 100 mílíọ̀nù náírà láàárín oṣù 12 tún bẹ̀rẹ̀ sí san ìdá 10 lórí èrè rẹ̀, àfi bí ó bá fi owó náà ra ìpín kọ́ńpìnì ilẹ̀ wa mìíràn. Ní June 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin titun, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026. Nínú rẹ̀, a ka èrè títà mọ́ owó tí ń wọlé fún ènìyàn. Ìwọ̀n rẹ̀ ń gòkè láti òfo dé 25 nínú 100.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọkùnrin kan ta ìpín ní 160 mílíọ̀nù náírà, ó jèrè 20 mílíọ̀nù, kò sì ní owó mìíràn tí ń wọlé. Ní 2010 kì bá tí san kọ́bọ̀. Ní 2023, ì bá san mílíọ̀nù 2. Lábẹ́ òfin titun, yóò san 3,630,000 náírà. Ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ tí ó ta ìpín mílíọ̀nù 3 láti san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kò ní san ohunkóhun, nítorí òfin náà dá ẹni tí títà rẹ̀ kò tó 150 mílíọ̀nù, tí èrè rẹ̀ kò sì ju mílíọ̀nù 10 lọ láàárín oṣù 12, sí.

Síbẹ̀, ní November 2025, iye ìpín já wálẹ̀ ní ọjà Èkó, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ibẹ̀ sì wí pé ìbẹ̀rù owó-orí yìí wà lára ohun tí ó fà á. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá sáré tà nígbà náà, ó fi èrè rẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ nítorí owó-orí tí kò kàn án.

Ohun kan wà nínú òfin titun tí a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo rẹ̀, tí àwa sì kà sí pàtàkì jùlọ fún ẹni tí ń tà lemọ́lemọ́. Òfin 1967 kò gbà kí a yọ àdánù kúrò nínú èrè: bí o bá jèrè lórí ìpín kan tí o sì pàdánù lórí èkejì, orí èrè nìkan ni a ó ti bi ọ́. Òfin titun gbà kí a fi àdánù títà dín èrè títà kù. Ṣùgbọ́n ìwé ni yóò jẹ́rìí: ọjọ́ tí a rà, iye tí a rà, iye tí a tà, àti owó tí alágbàtà gbà, fún ìpín tí ó jèrè àti èyí tí ó pàdánù bákan náà.